Ẹ Mọ Ẹnu-Ọ̀nà Iṣẹ́ Kí Ẹ Tó Yan Ilé-Ẹ̀kọ́

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn wa yìí bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan. Bí mo ti ń múra àtilọ sílé, bàbá àgbàlagbà kan fà mí sẹ́yìn òpó mọ́ṣáláṣí, ó sì fi àpò ìwé ńlá kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ààfáà, ẹ bá mi wo ìwé yìí dáadáa. Ọmọ mi ti parí ẹ̀kọ́ òfin láti ọdún méjì sẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń di lọ́yà. Wọ́n ní ẹ̀ka òfin tí ó ti jáde kò sí nínú ìwé àwọn." Mo tú àpò ìwé náà wò. Èsì ìdánwò ọdún márùn-ún ni ó wà nínú rẹ̀, èsì náà sì dára. Rìsíìtì owó ilé-ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀dà ìwé tí bàbá náà fi ta ilẹ̀ rẹ̀ kí ó tó rí owó ọdún kẹta àti ọdún kẹrin san.

Ojú tì mí ju bàbá náà lọ. Ní ọdún tí ọmọ náà rí ààyè wọ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, èmi ni mo dúró níwájú jàmáà tí mo ṣe àdúrà fún un, tí mo sì ní kí àwọn ọ̀dọ́ yòókù máa wò ó kọ́ṣe. A jẹ sàárà, a mu ẹlẹ́rìndòdò. Kò sí ẹnì kan nínú wa, bẹ̀rẹ̀ láti orí ìmáàmù, tí ó béèrè bóyá ìgbìmọ̀ tí ó ń sọ ènìyàn di lọ́yà fọwọ́ sí ẹ̀ka òfin ilé-ẹ̀kọ́ náà. N kò kábàámọ̀ àdúrà tí mo ṣe. Ìbéèrè tí n kò béèrè ni mo kábàámọ̀, òun náà ni ó sì mú mi kọ ìwé yìí.

Èrò mi ni pé a ti dojú ọ̀ràn yìí dé. Ilé-ẹ̀kọ́ ni a kọ́kọ́ ń mú, a ó wá mú kọ́ọ̀sì, ìgbà tí ọmọ bá jáde tán ni a tó ń béèrè iṣẹ́ tí kọ́ọ̀sì náà wà fún. Iṣẹ́ ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Kí ọmọ mọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe. Kí ó wádìí ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ ẹnu-ọ̀nà iṣẹ́ náà mú. Kí ó bi onítọ̀hún léèrè àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fọwọ́ sí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ó tó kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan sínú fọ́ọ̀mù JAMB.

BÍ A TI Ń YÀN NÍSINSÌNYÍ

Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ fún ara wa. Ọ̀dọ́ kan ń yan ilé-ẹ̀kọ́ nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lọ síbẹ̀. Òbí kan ń yàn án nítorí pé kò jìnnà sílé, tàbí nítorí pé wọn kì í daṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Òmíràn fẹ́ orúkọ ńlá tí yóò máa dá ní ibi ìnáwó. Àwọn arábìnrin wa kan sì ń yàn án nítorí pé wọ́n gbọ́ pé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí lágbára níbẹ̀. Gbogbo ìdí wọ̀nyí ni ó ní ààyè tirẹ̀, n kò sì fi ọ̀kankan ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1954 ni MSS ti wà ní ilẹ̀ yìí, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹ dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba kan lápá ọ̀dọ̀ wa kí ẹ má bá wọn níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ará, yóò rí ará. Ẹni tí ó bá wọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí kò lójú-ọ̀nà, àwọn ará kò lè bá a la ọ̀nà náà.

ÒǸTẸ̀ MÉJÌ NI Ó WÀ

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé òǹtẹ̀ méjì ni ó yẹ kí ó wà lára ẹ̀kọ́ tí a ń tìtorí iṣẹ́ kan pàtó kọ́.

Òǹtẹ̀ kìn-ín-ní ni ti ìjọba lórí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Fún àwọn yunifásítì, àjọ NUC tí ó ti wà láti ọdún 1962 ni ó ń ṣe é. Fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, NBTE ni. Fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, NCCE ni. Ẹ kíyè sí i pé NUC kò dúró lórí fífún yunifásítì ní ìwé àṣẹ nìkan. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Èyí tí ó bá yege pátápátá ń gba ìfọwọ́sí ọdún márùn-ún. Èyí tí ó kù díẹ̀ káàtó ń gba ti ọdún méjì kí ó lè ṣe àtúnṣe. Èyí tí kò yege kò rí gbà rárá. Nítorí náà, yunifásítì kan lè jẹ́ ojúlówó, kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan nínú rẹ̀ má sì ní ìfọwọ́sí.

Òǹtẹ̀ kejì ni ti ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà iṣẹ́. Dókítà ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, MDCN. Ẹnjiníà ní COREN. Nọ́ọ̀sì, apòògùn àti lọ́yà ní tiwọn. Òǹtẹ̀ NUC kò dípò òǹtẹ̀ ìgbìmọ̀ wọ̀nyí. Ibi tí ọmọ bàbá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ṣubú nìyẹn: òǹtẹ̀ kìn-ín-ní wà, èkejì kò sí.

Ẹ jẹ́ kí á fi ti òfin ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún márùn-ún ni ẹni tí ó bá gba ti JAMB wọlé máa ń lò nídìí ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì. Ẹni tí ó bá fi ìwé-ẹ̀rí tí ó ga ju ti ilé-ẹ̀kọ́ girama wọlé ń lo mẹ́rin. Ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n fún un kò tíì sọ ọ́ di lọ́yà. Ó gbọ́dọ̀ lọ sí Nigerian Law School, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Bwari lẹ́bàá Abuja, kí ó yege nínú ìdánwò wọn, kí wọ́n tó pè é sínú ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò. Ìgbìmọ̀ tí ó ń jẹ́ Council of Legal Education ni ó ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Ìgbìmọ̀ náà ni ó ń fọwọ́ sí ẹ̀ka òfin kọ̀ọ̀kan, òun náà ni ó sì ń sọ iye ènìyàn tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lè fi ránṣẹ́ lọ́dún. Bí ìgbìmọ̀ bá fún ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ààyè 100, tí ilé-ẹ̀kọ́ náà sì lọ gba akẹ́kọ̀ọ́ 200, ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ìdajì wọn ni yóò jókòó sílé de ọdún tí ń bọ̀, àwọn ti ọdún tí ń bọ̀ yóò sì wá bá wọn lórí ìlà. Nítorí náà kò tó kí á béèrè bóyá wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀ka náà. Kí á béèrè iye ènìyàn tí wọ́n fọwọ́ sí, kí á sì béèrè bí àwọn tí ó jáde ṣáájú ti ṣe tó kí wọ́n tó wọlé.

Bí ẹnì kan bá sì rò pé ọ̀ràn yìí kò lè ṣẹlẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, kí ó rántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ti National Open University. Ìjọba àpapọ̀ ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà kò fi gba àwọn tí ó kọ́ òfin níbẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni Ààrẹ Buhari tó fọwọ́ sí àtúnṣe òfin tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, kí wàhálà náà lè rí ojútùú. Àwọn ènìyàn tí ó ti gboyè ni wọ́n fi ń dúró ní gbogbo àkókò yẹn.

IṢẸ́ KỌ̀Ọ̀KAN NÍ ẸNU-Ọ̀NÀ TIRẸ̀

Ọ̀nà ìṣègùn tún gùn ju ti òfin lọ. Ọdún mẹ́fà ni ní yunifásítì, lẹ́yìn náà ni ọdún kan ní ilé ìwòsàn lábẹ́ àwọn àgbà dókítà, kí MDCN tó fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ kíkún. MDCN náà ń fi iye sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè kọ́, wọ́n sì máa ń fìyà jẹ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá kọjá iye náà. Ẹni tí ó bá lọ kọ́ ìṣègùn lókè òkun, ìdánwò ìgbìmọ̀ yìí ń dúró dè é nílé kí ó tó lè fọwọ́ kan aláìsàn. Kí òbí tí ó ń ta ilé rán ọmọ lọ sí òkèèrè mọ èyí kí ó tó ta á.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ni wọ́n kọ Ìṣègùn sínú fọ́ọ̀mù, tí ilé-ẹ̀kọ́ sì fún wọn ní ẹ̀kọ́ nípa ẹranko tàbí ti àwọn kòkòrò àìfojúrí. Wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí n wọlé ná, n ó yí i padà tí mo bá dé ọdún kejì." Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bi àwọn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ léèrè. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ẹnu-ọ̀nà yẹn ń gbà. Kò sí ohun tí ó burú nínú ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ fi ṣe. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ omi, oúnjẹ àti oògùn wò kò lè ṣe kí ó má nílò rẹ̀. Ẹni tí ó fi í ṣe àtẹ̀gùn lọ sí ibòmíràn ni ó sábà máa ń jábọ́.

Ẹ tún gbọ́ ti ọmọbìnrin kan tí ó ń ké kéwú lọ́dọ̀ wa. Ó fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Bàbá rẹ̀ ní àfi yunifásítì, ọdún méjì gbáko ni wọ́n sì fi ń gba fọ́ọ̀mù láìrí ààyè. Àǹtí kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí òun náà jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni ó pè wọ́n jókòó. Ó ṣàlàyé fún wọn pé ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń fún àwọn nọ́ọ̀sì ní ìwé àṣẹ, àti pé ẹni tí ó gba ti ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí àti ẹni tí ó gba ti yunifásítì, iwájú ìgbìmọ̀ yẹn náà ni àwọn méjèèjì yóò parí sí. Bí ó bá wá fẹ́ ìwé-ẹ̀rí yunifásítì lọ́jọ́ iwájú, yóò lè fi kún un. Ọmọ náà gba ti ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Lónìí, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, bàbá rẹ̀ sì ti gbàgbé pé òun ṣe àtakò rí. Ìjókòó wákàtí kan pẹ̀lú ẹni tí ó mọ̀ ni ó parí ìyà ọdún méjì.

Ní ti ìṣirò owó, ẹnu-ọ̀nà náà gbòòrò. ICAN, tí òfin fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1965, kò sọ pé dandan ni kí ènìyàn kọ́ ìṣirò owó ní yunifásítì kí ó tó jókòó sí ìdánwò wọn. Ẹni tí ó kọ́ ọ ní ẹ̀ka tí wọ́n fọwọ́ sí kàn ń bọ́ lọ́wọ́ apá kan nínú ìdánwò náà ni. Nítorí náà, kí ẹni tí kò rí ààyè sí ẹ̀ka ìṣirò owó má rò pé ilẹ̀ti ṣú.

Ti iṣẹ́ olùkọ́ sì yéni yékéyéké. NCE ni ìwé-ẹ̀rí tí ó kéré jù tí ìlànà ẹ̀kọ́ ilẹ̀ yìí béèrè lọ́wọ́ olùkọ́. Ẹni tí ó kọ́ nǹkan mìíràn ní yunifásítì tí ó wá fẹ́ di olùkọ́, PGDE ni yóò lọ ṣe, yóò sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má kánjú lọ ṣe Másítà nínú ẹ̀kọ́ tí ó ti kọ́ tẹ́lẹ̀, kí ó sì fi ohun tí wọ́n ń béèrè gan-an sílẹ̀.

Iṣẹ́ mìíràn sì wà tí kò ní olùṣọ́ lẹ́nu-ọ̀nà: òwò ṣíṣe, ìwé kíkọ, àti bí a ti ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Nídìí irú iṣẹ́ wọ̀nyí, ohun tí ọwọ́ rẹ lè ṣe ni wọn yóò ní kí o mú wá. Ẹni tí ó bá yan irú rẹ̀ kò ní láti jẹ gbèsè nítorí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kan.

Ẹ̀YIN ỌMỌ ILÉ-KÉWÚ

Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju gbogbo ẹni tí ó kù lọ, nítorí èmi náà ilé-kéwú ni mo ti wá. Nígbà tí mo parí ìpele Thánáwì, mo lè túmọ̀ ìwé gírámà Lárúbáwá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n n kò lè kọ lẹ́tà kan ṣoṣo lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé yunifásítì tí mo ń lálàá rẹ̀ yóò béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jókòó sí ìdánwò G.C.E. pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní kéwú. Wọ́n á kí mi ní Ààfáà lẹ́nu ọ̀nà, a ó sì jọ wọlé lọ kọ ìdánwò kan náà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó yọ mí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ọ̀kankan nínú yín pàdánù ọdún mẹ́rin nítorí ìbéèrè kan tí kò béèrè.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Ọ̀pọ̀ yín ni ó fẹ́ di Kádì. Ó dára. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 276, ti sọ irú ẹni tí ó lè jẹ́ Kádì ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti Sharia ní ìpínlẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ó là sílẹ̀. Èkíní ni ti lọ́yà tí ó ti pé ọdún mẹ́wàá nídìí iṣẹ́, tí ó sì tún ní ìwé-ẹ̀rí nínú òfin Islam. Èkejì ni ti ẹni tí ó ní ìwé-ẹ̀rí nínú òfin Islam láti ilé-ẹ̀kọ́ tí ìgbìmọ̀ àwọn onídàájọ́ orílẹ̀-èdè yìí fọwọ́ sí, tí ó ti di í mú fún ọdún mẹ́wàá, tí ó sì jẹ́ onímọ̀ tàbí onírìírí tí ó gbámúṣé nínú òfin náà. Nínú ọ̀nà méjèèjì, ẹ ó rí i pé ìwé-ẹ̀rí tí a mọ̀ ni wọ́n ń béèrè. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọ̀nà kìn-ín-ní mọ̀ pé ìwé-ẹ̀rí nínú Lárúbáwá tàbí Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Islam, bí ó ti wù kí ó dára tó, kò lè mú un dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà. Ẹ̀kọ́ òfin gan-an ni kí ó wá lọ sí irú ilé-ẹ̀kọ́ bíi Yunifásítì Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ òfin ìjọba àti òfin Islam pọ̀. Ìyàtọ̀ lẹ́tà díẹ̀ ni ó wà láàárín orúkọ ìwé-ẹ̀rí méjèèjì. Ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ayé ẹni tí ó gbà wọ́n kì í ṣe kékeré.

Nítorí náà, kí ẹ má ṣe fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣeré. Kí ẹ kọ WAEC tàbí NECO nígbà tí ẹ ṣì wà ní kéwú. Ẹni tí ó bá ní ìwé-ẹ̀rí NBAIS láti Kàdúná, kí ó kọ́kọ́ bi ẹ̀ka tí ó fẹ́ wọ̀ léèrè bóyá wọ́n ń gbà á kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ FẸ́ TẸ̀ SÍWÁJÚ

Àwọn tí ó ti gba ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ náà ní àṣìṣe tiwọn. Nígbà tí iṣẹ́ kò bá yá, ohun tí ó sábà máa ń wá sí wọn lọ́kàn ni Másítà. Mo ń béèrè pé: Másítà nítorí kí ni? Dókítà tí ó fẹ́ di oníṣẹ́-abẹ, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ni yóò padà sí fún ẹ̀kọ́ ọlọ́dún púpọ̀, ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà dókítà ni yóò sì kọ; Másítà kò lè sọ ọ́ di oníṣẹ́-abẹ. Ẹni tí ó fẹ́ di olùkọ́ ní yunifásítì, ọ̀nà ìwádìí ni tirẹ̀, títí dé oyè ọ̀mọ̀wé. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ béèrè kí ó tó sanwó, nítorí àwọn Másítà kan wà tí a ṣètò fún òṣìṣẹ́ tí ó fẹ́ ìgbéga, tí kò sì ṣí ọ̀nà sí oyè ọ̀mọ̀wé. Kí ó béèrè iye máàkì tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ní kí ó tó tẹ̀ síwájú. Kí ó wo àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó wà ní ẹ̀ka náà, kí ó mọ ẹni tí ó ní ìmọ̀ nínú ohun tí òun fẹ́ wádìí, nítorí lábẹ́ ènìyàn ni yóò ti ṣe ìwádìí náà, kì í ṣe lábẹ́ orúkọ yunifásítì.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ àwọn tí ń sọdá lọ sí orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò. Ọmọ ìyá wa ni àwọn ará ibẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dára sì wà lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ní ìparí ọdún 2023, oníròyìn ọmọ Nàìjíríà kan sọ bí òun ti gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì ní Benin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá yíyẹ ìwé-ẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè méjèèjì wò dúró. Àwọn tí ó fi òógùn ojú wọn kàwé níbẹ̀ náà fara gbá a. Ẹni tí ó bá fẹ́ kàwé lẹ́yìn odi, kí ó kọ́kọ́ lọ sí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, kí ó béèrè bóyá wọ́n mọ ilé-ẹ̀kọ́ náà.

ÀWÍJÀRE TÍ MO TI GBỌ́

Àwọn kan yóò sọ pé ìpèsè wà lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ni ẹ ti gbọ́ wáàsí lórí ràkúnmí tí ó yẹ kí olówó rẹ̀ so mọ́lẹ̀ kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Àwọn mìíràn yóò ní àwọn ti kírun ìsítíkárà. Kí Ọlọ́hun gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ wa kọ́ wa pé ìsítíkárà àti ìmọ̀ràn bíbéèrè jọ ń rìn ni. Kí ni ẹ gbé síwájú Ọlọ́hun kí ó bá yín yàn, nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín kò mọ ohun tí ó wà nínú ọ̀kankan nínú méjèèjì?

Àwíjàre kẹta ni ó le jù, n kò sì ní fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé, "Ààfáà, ààyè kò sí. Ohun tí wọ́n bá fún wa ni a ó gbà, nítorí ọjọ́ orí ń lọ." Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ ohun tí wọ́n fún un nítorí pé kì í ṣe èyí tí ó kọ́kọ́ yàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ó béèrè ibi tí ohun tí wọ́n fún un náà ń lọ. Bí ó bá lọ sí ibi tí ó lè gbà, kí ó gbà á tọkàntọkàn. Bí kò bá lọ síbì kankan, ọdún kan tí a fi dúró sàn ju ọdún márùn-ún tí a fi ṣòfò lọ. Ẹni tí kò bá sì tíì mọ iṣẹ́ tí ó wù ú, kí ó yan ẹ̀kọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ pọ̀. Kí ó rántí pẹ̀lú pé yíyàn náà ti ń bẹ̀rẹ̀ láti SS1. Ẹni tí kò ṣe Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Bàọ́lọ́jì níbẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn ìṣègùn mọ́ ara rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Ìbéèrè mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan kọ sórí tákàdá. Iṣẹ́ wo ni mo fẹ́ ṣe? Ta ni ó ń fún ènìyàn ní àṣẹ láti ṣe é? Ǹjẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí mo ń lọ wà nínú ìwé ẹni náà ní ọdún yìí, ènìyàn mélòó ni ó sì gbà láti ibẹ̀? Kí ni mo gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kí n tó wọlé? Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá sì gbà á, kí ó wo CAPS tí JAMB gbé kalẹ̀ ní ọdún 2017. Ìgbàwọlé tí kò bá sí níbẹ̀, ìjọba kò mọ̀ ọ́n.

Ní ti àwa àgbààgbà, mo dá àbá kan. Kí mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan ya ọjọ́ Àìkú kan sọ́tọ̀ lọ́dún, kí fọ́ọ̀mù JAMB tó jáde. Kí á pe lọ́yà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́, ẹnjiníà àti oníṣirò owó tí ó wà nínú jàmáà wa, kí wọ́n jókòó ti àwọn ọmọ àti àwọn òbí wọn, kí wọ́n sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà fún wọn. Kò ní ná wa lówó. Ní mọ́ṣáláṣí tiwa, a ti bẹ̀rẹ̀, bàbá tí ó fà mí sẹ́yìn òpó sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó bọ́ síwájú sọ̀rọ̀. Kò dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Ó kàn gbé àpò ìwé náà sókè, ó ní, "Ẹ béèrè o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà." Ọmọ rẹ̀ ti tún padà sí yunifásítì mìíràn báyìí, ó sì ti wà ní ọdún kejì.

Mo bẹ Ọlọ́hun kí ó là á já, kí ó sì fi àwọn ọmọ wa mọ ọ̀nà tí ó tọ́ kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ lé e. Àmín.